Ṣé lóòótọ́ ni Everton ló kọ́kọ́ ni Anfield? Àlàyé lórí àwọn pápá ilé ẹgbẹ́ kan

Láti ọdún 2025 tí Everton ti kó kúrò ní Goodison Park lọ sí pápá tuntun wọn létí omi, awuyewuye kan ti wọ àwọn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù Àkúrẹ́, láti Ọjà Ọba títí dé ẹnu ọ̀nà FUTA, kò sì fẹ́ tán. Ẹnì kan á ní Anfield tí Liverpool ń lò yìí, Everton ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ọmọ Liverpool tó bá wà nítòsí á fò sókè pé irọ́ ńlá ni. Ẹnì kẹta á ní Liverpool ló fi agbára lé Everton jáde. Ẹnì kẹrin, tí kò tilẹ̀ fẹ́ràn èyíkéyìí nínú méjèèjì, á ní ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n, ìjà ló tú wọn ká. Kí wọ́n tó parí ẹ̀, gólù méjì á ti wọlé tí ẹnikẹ́ni ò rí.

Òótọ́ díẹ̀díẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo wọn, àmọ́ kò sí ẹni tó gbà á tán. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé a máa ń pe ẹgbẹ́ àti pápá ní nǹkan kan náà. Bí ẹ ṣe ń bá mi lọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ máa mú dání níbikíbi tí a bá ti dúró: ta ló ni ilẹ̀?

Kí ni à ń pè ní pápá ilé gan-an?

Èèyàn ló ń jẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù: àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù, àti orúkọ tó wà nínú ìwé àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù. Pápá ní tirẹ̀, ilẹ̀ ni, pẹ̀lú ìjókòó, ògiri àti géètì tí wọ́n kọ́ sórí rẹ̀. Pápá ilé wá ni pápá tí ẹgbẹ́ kan sọ fún àwọn tó ń ṣètò ìdíje pé ibẹ̀ làwọn á ti máa gbàlejò. Ìyẹn nìkan ni. Kò sọ pé ẹgbẹ́ ló ni ilẹ̀ náà. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tó ni pápá ara wọn, àwọn míì ń sanwó ilé fún onílé, àwọn míì sì ń lo ti ìjọba.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ará Àkúrẹ́. Sunshine Stars tiwa, pápá ìṣeré ìgboro Àkúrẹ́ la mọ̀ sí ilé wọn, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2012, nígbà tí wọ́n ń gbá Champions League ti ilẹ̀ Áfíríkà, pápá Dipo Dina ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti ń gbàlejò. Ẹni tó bá fẹ́ wo ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ "nílé" ní láti gba Oǹdó, kó já sí Ọ̀rẹ̀, kó tó forí lé ìpínlẹ̀ Ògùn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbá ọ̀mì 3-3 pẹ̀lú Al Ahly nínú ìpele tó kángun sí àṣekágbá, kí wọ́n tó lọ fìdí rẹmi 1-0 ní Íjíbítì. Nínú ìwé àwọn aláṣẹ, Ìjẹ̀bú-Òde ni ilé Sunshine Stars lọ́jọ́ yẹn. Kò sì sí ará Ìjẹ̀bú kan tó dìde pé òun ló wá ni ẹgbẹ́ náà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá kọjá sí ìlú Liverpool nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Níbo ni Everton ti bẹ̀rẹ̀?

Everton kì í ṣe orúkọ èèyàn, kì í sì í ṣe orúkọ iléeṣẹ́. Àdúgbò kan nínú ìlú Liverpool ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní St Domingo. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ náà a máa gbá kíríkẹ́ẹ̀tì nígbà tí oòrùn bá ń mú. Kíríkẹ́ẹ̀tì kò ṣeé gbá nígbà òtútù, ni wọ́n bá dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lọ́dún 1878 kí wọ́n má baà jókòó lásán. Nígbà tí àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ náà fẹ́ máa bá wọn gbá a, wọ́n yí orúkọ padà sí Everton ní oṣù kọkànlá ọdún 1879.

Stanley Park ni wọ́n ti ń gbá a, ọgbà ìgbafẹ́ tí ìlú ṣí fún gbogbo èèyàn lọ́dún 1870. Ta ló ni ilẹ̀? Ìlú ni. Ìyẹn dáa, kò sẹ́ni tó máa wá béèrè owó ilé. Àmọ́ ibi tí gbogbo ayé ti ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ta lẹ fẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà fún kí ẹ gbowó lọ́wọ́ ẹ̀? Òǹwòran ń pọ̀ sí i, kọ́bọ̀ kan ò sì wọlé. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ dàgbà nílò ibi tó ní ọgbà àti géètì.

Onílé tí kò fẹ́ ariwo

Lọ́dún 1883 wọ́n rí ilẹ̀ kan ní Priory Road. Ọ̀gbẹ́ni Cruitt ló ni ín. Ìtàn ẹgbẹ́ náà sọ pé ṣílè 13 ni wọ́n pa lẹ́nu géètì níbi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Àwọn àgbà tó náwó ṣílè nílẹ̀ yìí mọ̀ pé 20 ló ń pé pọ́ùn kan, nítorí náà gbogbo owó ọjọ́ yẹn kò tó pọ́ùn kan ṣoṣo. Wọn ò tíì lò ju sáà kan lọ tí ariwo àwọn òǹwòran fi sú Cruitt. Ó ní kí wọ́n wá ibòmíì lọ. Ilẹ̀ rẹ̀ ni, kí ni wọ́n fẹ́ sọ?

Anfield: nígbà tí onílé tún jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ ti ń lárinrin.

Ní 1884, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Houlding bá wọn wá ilẹ̀ sí Anfield Road. Houlding kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fojú di. Ó ní ilé ìpọntí tirẹ̀, ó ń ṣe òṣèlú, ó sì padà di olórí ìlú Liverpool. Ọba John ti Everton ni wọ́n ń pè é. Apọntí bíi tirẹ̀ kan, John Orrell, ló ni ilẹ̀ náà nígbà yẹn. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1884 ni Everton gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ní Anfield, wọ́n sì na Earlestown 5-0. Kí ọmọ Liverpool tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín rọra ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì: 1892 ni wọ́n tó dá Liverpool sílẹ̀.

Láìpẹ́ láìjìnnà, Houlding ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Orrell. Bó ṣe di onílé nìyẹn, òun kan náà sì ni ààrẹ ẹgbẹ́. Ilé ọtí rẹ̀, Sandon, kò jìnnà sí pápá. Níbẹ̀ làwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń pààrọ̀ aṣọ, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, òun nìkan ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ohun mímu fáwọn òǹwòran. Ẹ wo ayálégbé kan ní Òkè-Àrò tí onílé rẹ̀ tún jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé, tó tún jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù onílé yìí nìkan ni wọ́n gbà kó máa tajà nínú ọgbà. Lọ́jọ́ tí owó ilé bá gbówó lórí, ta ni ayálégbé yẹn fẹ́ fẹjọ́ sùn?

Owó ilé sì gbówó lórí lóòótọ́. £100 lọ́dún ni wọ́n kọ́kọ́ ń san. Nígbà tó fi máa di sáà 1889 sí 1890, ó ti di £250. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ẹgbẹ́ ti ń rówó. Láti 1885 ni àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà kí wọ́n máa sanwó fún agbábọ́ọ̀lù láìfi bò. Ní 1888, Everton wà lára ẹgbẹ́ 12 tó dá Football League sílẹ̀. Ní 1891, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ líìgì náà. Anfield ni ilé wọn nígbà tí wọ́n gbà á. Ife ẹ̀yẹ líìgì àkọ́kọ́ tó wọ Anfield, ti Everton ni, Liverpool ò sì tíì délé ayé.

Ká má fi gbogbo ẹ̀bi ru Houlding o. Òun ló wá ilẹ̀, òun ló fi orúkọ àti owó rẹ̀ dúró fún wọn nígbà tí ẹgbẹ́ ò ní nǹkan kan. Onílé wo ló máa rí i pé ayálégbé òun ti di olówó tí owó ilé á ṣì wà níbi tó wà? Ohun tó ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni pé ó fẹ́ kí wọ́n sọ ẹgbẹ́ di iléeṣẹ́, kí iléeṣẹ́ náà wá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ òun, pẹ̀lú ilẹ̀ tí Orrell ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ ṣe ẹni tó ń tà, ó tún fẹ́ jókòó láàárín àwọn tó ń rà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yarí. George Mahon, ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ìjọ St Domingo, ló ṣáájú wọn. Ọ̀rọ̀ ọtí náà sì wà ńbẹ̀: àwọn kan nínú wọn wà nínú ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ọtí mímu, ilé ọtí ni wọ́n sì ti ń jókòó ṣèpàdé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n dá sílẹ̀ nílé Ọlọ́run.

Ta ló wá lé ta jáde?

Nígbà tí 1892 wọlé, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti fẹnu kò pé àwọn á kó lọ. Mahon ti lọ rí ilẹ̀ mìíràn lódìkejì Stanley Park. Houlding kò fẹ́ pàdánù lọ́nà méjì. Ó ti lọ forúkọ iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ní Everton nínú, ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní Anfield máa jẹ́ Everton lọ. Àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù kò gbà fún un. Wọ́n ní àwọn tó ń kó lọ ló ni orúkọ.

Ẹ wá wo ipò tí Houlding wà. Ó ní pápá, ó ní ìjókòó, ó ní géètì, kò ní ẹgbẹ́. Kí ló ṣe? Ó dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Liverpool. Ilẹ̀ Scotland ni wọ́n ti lọ kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn wá. Aṣọ aláwọ̀ búlúù àti funfun ni wọ́n sì ń wọ̀ fún ọdún mélòó kan. 1896 ni wọ́n tó bọ́ sínú pupa. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí, mo sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ má sọ ọ́ sétí ọmọ Liverpool lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti na ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dá àwọn ará ilé ìwòran lóhùn. Ẹni tó ní Everton ló ni Anfield tẹ́lẹ̀ kò gbà á tán, torí ayálégbé ni Everton níbẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, wọn kò ni ín rí. Ẹni tó ní Liverpool ló lé wọn jáde kò gbà á rárá. Ẹgbẹ́ tí wọn ò tíì bí kò lè lé ẹnikẹ́ni; onílé àti ayálégbé ni ọ̀rọ̀ ò wọ̀ láàárín wọn. Ẹni tó ní ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n ló sún mọ́ ọn díẹ̀, torí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan dúró ti Houlding. Ṣùgbọ́n orúkọ, ipò nínú líìgì àti ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ló bá àwọn tó kó lọ lọ. Ilẹ̀ ló dúró.

Liverpool nìkan kọ́ ló sì bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Gus Mears ra pápá Stamford Bridge ní London, ó fẹ́ kí Fulham wá máa lò ó, Fulham kọ̀. Ló bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún pápá náà lọ́dún 1905. Chelsea nìyẹn.

Kí ló mú Goodison Park yàtọ̀?

Ilẹ̀ tí Mahon rí yìí kò fani mọ́ra nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ó rí gbágungbàgun, wọ́n ní láti tẹ́ ẹ, kí wọ́n fa omi ara rẹ̀ kúrò, kí wọ́n tó gbin koríko sí i. Dókítà kan nínú ìgbìmọ̀ wọn, James Baxter, yá wọn ní £1,000 láìgba èlé. Ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1892 ni wọ́n ṣí i. Ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn, a óò tún bá a pàdé. Eré sísá, orin àti iná aláràbarà ni wọ́n fi ṣí i, wọn ò gbá bọ́ọ̀lù rárá. Ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó gbá a, tí wọ́n na Bolton 4-2.

Ta ló ni ilẹ̀? Lọ́tẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ rà á. Èyí ló ya Goodison sọ́tọ̀ sí gbogbo ibi tí wọ́n ti gbé. Ẹni tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa lé òun lọ́la ló ń kọ́lé aláruru, Everton sì kọ́ ọ. Ọdún méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i ni wọ́n gbá àṣekágbá FA Cup níbẹ̀. Nígbà tó di 1938, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pápá náà ló ti ní ìjókòó alájà méjì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ Archibald Leitch, ọmọ Scotland tó kọ́ ìdajì àwọn pápá tí wọ́n mọ̀ sí ńlá láyé ìgbà náà. Ní 1958, wọ́n ri wáyà tó ń gbóná sábẹ́ koríko kí yìnyín má baà dì lórí rẹ̀, wọ́n sì ṣáájú gbogbo pápá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú èyí. Ìjọ kan wà ní igun pápá náà, St Luke, tó sún mọ́ ọn débi pé ògiri ìjọ àti ògiri ìjókòó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kanra.

Lọ́dún 1966 tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbàlejò ife ẹ̀yẹ àgbáyé, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún ló wáyé ní Goodison. Ibẹ̀ ni Brazil, ẹgbẹ́ Pelé, ti gbá gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìpele àkọ́kọ́ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti já. Ibẹ̀ náà ni North Korea ti gbá gólù mẹ́ta sáwọ̀n Portugal kí Eusébio tó fi mẹ́rin dá a padà, tí Portugal sì borí 5-3. Dixie Dean, agbábọ́ọ̀lù Everton tó gbá gólù 60 nínú líìgì ní sáà 1927 sí 1928, ìjókòó Goodison ló kú sí lọ́dún 1980, níbi tó ti ń wo Everton àti Liverpool.

Àwọn ọmọ tiwa náà fẹsẹ̀ tẹ koríko yẹn: Daniel Amokachi, Joseph Yobo, Yakubu Aiyegbeni, Victor Anichebe, Alex Iwobi. Láyé Amokachi ni ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà kọ́kọ́ mọ orúkọ Everton, pàápàá lẹ́yìn tó gbá gólù méjì sáwọ̀n Tottenham nínú ìpele tó kángun sí àṣekágbá FA Cup ti 1995. Àwọn tó ti ń wo bọ́ọ̀lù látìgbà yẹn ṣì ń sọ ọ́ pé ṣe ló kó ara rẹ̀ wọ pápá kí kóòṣì tó parí ìpinnu.

Bí Goodison bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n kó?

Ilé àwọn aráàlú yí i ká. Òpópónà wà níwájú, òpópónà wà lẹ́yìn, ìjọ wà ní igun. Kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ fẹ̀ ẹ́ sí.

Ohun kejì ni òfin. Ní 1948, èèyàn 78,299 ló wọ Goodison lọ́jọ́ kan ṣoṣo láti wo Everton àti Liverpool. Ìdúró ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Lẹ́yìn jàm̀bá Hillsborough ti 1989, níbi tí alátìlẹ́yìn Liverpool 97 ti bá ìfúnpọ̀ èrò lọ, wọ́n pa á láṣẹ pé kí gbogbo ẹni tó bá wọ pápá àwọn ẹgbẹ́ ńlá ní ìjókòó. Ẹni tó jókòó ń gba àyè ju ẹni tó dúró lọ. Nígbà tí Goodison fi máa parí iṣẹ́, èèyàn bí 39,000 ló lè gbà. Nínú àwọn yẹn, ẹ ó rí ẹni tó sanwó tó jókòó sẹ́yìn òpó irin, tó jẹ́ pé tí bọ́ọ̀lù bá dé igun kan, ariwo àwọn tó wà níwájú ló fi ń mọ̀ bóyá ó wọlé.

Ohun kẹta ni owó. Ẹgbẹ́ òde òní kì í fi owó géètì nìkan jẹun. Yàrá àdáni táwọn iléeṣẹ́ ńlá ń háyà, oúnjẹ, àti àríyá tí kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù ló ń kówó wọlé fún wọn, pápá àtijọ́ kò sì ní àyè fún púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbìyànjú láti kó ṣáájú kó má bọ́ sí i. Ètò ti King's Dock forí ṣánpọ́n ní 2003, torí owó tí ẹgbẹ́ yẹ kó mú wá kò jọ. Ti Kirkby, tí wọ́n fẹ́ bá Tesco, iléeṣẹ́ ilé ìtajà ńlá, ṣe, ìjọba ló wọ́gi lé e ní 2009, inú ọ̀pọ̀ alátìlẹ́yìn sì dùn, torí Kirkby kò sí nínú ìlú Liverpool. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tí wọ́n fi orúkọ àdúgbò pè kò gbọ́dọ̀ kúrò nílùú.

Ta ló ni Hill Dickinson, pápá tuntun náà?

Ibi tí wọ́n padà kó sí, èbúté ọkọ̀ ojú omi ni, Bramley-Moore Dock, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1848. Iléeṣẹ́ Peel ló ni ín, lọ́dún 2017 ni òun àti ẹgbẹ́ fẹnu kò lórí rẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2021. Omi ló wà nínú èbúté náà, nítorí náà yanrìn ni wọ́n kọ́kọ́ fà láti inú òkun wá fi dí i kí wọ́n tó lè gbé nǹkan kan lé e. Inú UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àwọn ibi àjogúnbá, kò dùn. Ọdún náà ni wọ́n yọ ìlú Liverpool kúrò lára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, wọ́n sì mẹ́nu kan pápá yìí mọ́ àwọn ohun tó fà á.

Ọ̀pọ̀ ló ń béèrè bóyá Hill Dickinson ló ti wá ra Everton. Rárá. Iléeṣẹ́ àwọn lọ́yà ni Hill Dickinson, ó sanwó kí wọ́n máa fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ni. Ẹní bá sanwó kí wọ́n kọ orúkọ òun sára ògiri kò tíì ra ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Arsenal: iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Emirates kọ́ ló ni Arsenal, orúkọ pápá ló sanwó fún. Àwọn tó ni Everton báyìí ni Friedkin Group ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ Farhad Moshiri ní oṣù kejìlá ọdún 2024.

Pápá tuntun náà ń gba èèyàn tó lé ní 52,000. Ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni ẹgbẹ́ ọkùnrin Everton gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn ní Goodison, wọ́n na Southampton 2-0, Iliman Ndiaye, ọmọ Senegal, ló gbá méjèèjì. Wọ́n gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì àkọ́kọ́ nílé tuntun pẹ̀lú Brighton, 2-0 náà ni, Ndiaye náà ló ṣí i. Ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ni. Ọjọ́ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn: ó pé ọdún 133 géérégé tí wọ́n ti ṣí Goodison.

Ṣé wọ́n ti wá wó Goodison?

Wọn ò wó o. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀ nìyẹn, pé kí wọ́n wó o, kí wọ́n fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́lé àti nǹkan tó máa ṣe àdúgbò láǹfààní. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 wọ́n yí i padà: ẹgbẹ́ obìnrin Everton ló ń lò ó báyìí. Ìpinnu tó mọ́gbọ́n dání ni lójú tèmi. Nígbà tí Arsenal kúrò ní Highbury ní 2006, ilé gbígbé ni wọ́n sọ ọ́ dà, koríko tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù sì di ọgbà òdòdó àwọn tó ń gbébẹ̀.

Kí ló dé tí Liverpool kò kó ní tiwọn?

Wọ́n fẹ́ kó. Láàárín ọdún 2000 sí 2012, Liverpool ní ètò láti kọ́ pápá tuntun, wọ́n tilẹ̀ gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí ni inú Stanley Park, ọgbà tí Everton ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Àwọn onílé tuntun Liverpool, Fenway Sports Group, ló pa ètò náà tì lọ́dún 2012, wọ́n ní Anfield làwọn á fẹ̀ sí i. Wọ́n ra àwọn ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n wó wọn, wọ́n ṣí ìjókòó ńlá tuntun ní 2016, wọ́n sì tún fẹ ti apá Anfield Road lẹ́yìn náà, tó fi ń gba èèyàn bí 61,000 báyìí.